Ẹ̀wù Mẹ́jọ Tí N Kò Tú

Ṣé ẹ ti jí ọmọ gbé rí, ẹ̀yin òǹkàwé, láì gbé ọmọ náà kúrò níbi tí ìyá rẹ̀ fi í sí?

Èmi ti ṣe é. N kò já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, n kò sì gbé ọmọ sá lọ sí ìlú kankan. Inú ilé mi ni mo jókòó sí, tí mò ń se ìrẹsì rírọ̀ fún un láràárọ̀, tí mò ń gbàdúrà lé e lórí. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí pé ìyá rere ni mí. Síbẹ̀ olè ni mí.

Suizhu lorúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, opó ni mí, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, ẹ fojú fò ó. Àṣìṣe tó tóbi jù kò sí nínú ìwé kíkọ mi.

Ní abúlé wa létí odò Min, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ilé alájà márùn-ún ló pọ̀, èèyàn ni kò sí nínú wọn. Àwọn ọmọ wa wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń din ìrẹsì fún oyìnbó. Wọ́n ń fi owó ilé ránṣẹ́. Bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á fi ọmọ náà ránṣẹ́, nítorí ẹni tó ń dúró nídìí iná láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn.

Zhongkai, ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó lọ. Ọdún kẹrìnlá rèé. Kò tíì fojú kàn mí.

Nígbà tí Peilan ìyàwó rẹ̀ bí Anan, oṣù mẹ́ta péré ni ọmọ náà lò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Obìnrin ará abúlé wa kan tó ń bọ̀ wálé ló bá wọn gbé e wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀, Peilan pè mí lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Ama," bí ọmọdé ṣe ń pe ìyá bàbá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀. "Ama, mi ò fẹ́ ṣe bíi tàwọn yòókù. Mi ò fẹ́ kó pọ́mọ ọdún márùn-ún kí n tó tún rí i. Tí ìwé ìgbélùú mi bá ti jáde báyìí, èmi fúnra mi ni màá wá mú un. Ẹ ṣáà bá mi ṣe nǹkan kan."

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Màá máa fi ẹ̀wù ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ̀wù tí mo wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tó ń sùn, kó má gbàgbé òórùn mi. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nínú ọkọ̀ òfuurufú, Ama. Tí kò bá mọ̀ mí, báwo ni màá ṣe gbé e débí? Ẹ ṣèlérí fún mi pé lọ́jọ́ tí mo bá dé, ọmọ mi á wá sọ́wọ́ mi."

"Mo ṣèlérí," ni mo wí. "Níwájú Ọlọ́run."

Ẹnikẹ́ni ò ní kí n fi Ọlọ́run kún un. Èmi ni mo fi í kún un.

Ẹ̀wù àkọ́kọ́ bá ọmọ náà wọlé. Aró ni àwọ̀ rẹ̀. Ó ń rùn fún òróró ilé ìdáná, omi ọmú sì ti gbẹ mọ́ ọn láyà. Anan ti ń ké láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ̀wù náà tí mo gbé e lé e, ó fi ojú ra á, ó mí kanlẹ̀, ó sùn.

Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ inú mi dùn gan-an.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé e sáyà, mò ń kọrin tí mo fi rẹ bàbá rẹ̀ fún un. Ó ń yí orí kiri, ó ń wá nǹkan. Mo gbé e sórí ẹ̀wù, ó dákẹ́. Mo tún gbé e sáyà, ó ké. Mo dá a padà sórí ẹ̀wù, ó dákẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí? Àkísà borí mi. Èmi tí mo lọ́wọ́, tí mo láyà, tí mo lóhùn, àkísà tí kò lè mí ló borí mi.

Nígbà tí ẹ̀wù kejì dé, mo kó méjèèjì sínú omi ọṣẹ. Mo ní fún ara mi pé ọmọ jòjòló ò gbọdọ̀ sùn sórí ìdọ̀tí. Mo sá wọn sórí òrùlé, afẹ́fẹ́ odò sì fẹ́ gbogbo ohun tó wà lára wọn lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ké títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò rí ohun tó ń wá, ó rí ọrùn mi. Ó ti imú bọ̀ ọ́, ó sùn.

N kò lè ṣàlàyé adùn yẹn fún yín. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbá yàrá tí ẹnì kan ò sùn sí.

Láti ọjọ́ náà n kò tú ọ̀rá tí Peilan ń di ẹ̀wù sí mọ́. Bí ẹ̀wù bá ti dé, màá jù ú sínú àpótí igi tí mo ń kó aṣọ òtútù sí, màá sì tì í.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni Peilan máa ń pè.

"Ama, ṣé ó ń sùn sórí ẹ̀?"

"Ó ń sùn sórí ẹ̀ dáadáa."

"Ṣé ó máa ń dì í mú?"

"Há! Ṣe ló máa ń ti imú bọ ọrùn rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fà á, á pariwo."

Á rẹ́rìn-ín, á nu ojú. "Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mò ń rùn. Wọ́n ní kí n máa dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìyá ọmọ ni ọ́."

Ẹ rí i bí irọ́ ṣe máa ń dára tó nígbà tí èèyàn bá fi òótọ́ kékeré lọ́ ọ pọ̀? Lóòótọ́ ni ọmọ náà ń ti imú bọ ọrùn kan. Ọrùn mi ni.

Aládùúgbò mi kan wà tó ń jẹ́ Rongdi. Ó jù mí lọ ní ọdún méje, ilé rẹ̀ àti tèmi sì dojú kọra, ọ̀nà tóóró kan ló pín wọn níyà. Òun náà ń tọ́ ọmọ ọmọ méjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà. Ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ìpẹ́ ẹja lọ.

"Ìyá Zhongkai," ó ní lọ́jọ́ kan tó bá ẹni tó gbé ẹ̀wù wá lẹ́nu ọ̀nà, "kí ni wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí ọ lóṣooṣù bí ẹni ń gba oògùn?"

"Ẹ̀wù àlòkù ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀wù àlòkù! Láti Amẹ́ríkà! O mà ríre. Ọmọ tèmi ò tiẹ̀ fi ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi kí n máa fi nu ilẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí Anan pé oṣù mẹ́wàá, ó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Ma." Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù Ọlọ́run ì bá ti sọ fún un pé, "Rárá, Ama ni èmi, Màmá rẹ wà lókè òkun." Èmi ní, "Ẹ̀n, ọkọ mi," mo sì fún un ní ọ̀dùnkún sísè jẹ.

Mo tún ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Mo ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí Ọlọ́run fa ìwé Peilan sẹ́yìn. Màá ní, "Ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ, Olúwa," ṣùgbọ́n mo mọ ìfẹ́ ẹni tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọlọ́run ò dá mi lóhùn. Nígbà tí ọmọ pé ọdún kan, fóònù dún ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

"Ama! Ó ti jáde! Ìwé mi ti jáde! Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì èmi àti Anan. Ọjọ́ méjìlá ni ọ̀gá mi fún mi. Ẹ bá mi máa múra ẹ̀ sílẹ̀ o!"

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo máa ṣe. Kí n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ tó kù. Kí n lọ gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Kí n máa gbé e sínú ọ̀já àyà tí òun fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, kó lè mọ́ ọn lára. Kí n máa fi fídà fún un lómi tí mo bá ń gbé e gun àtẹ̀gùn, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń gòkè, ohun tó ń mu ni kò ní jẹ́ kí etí dùn ún.

"Àti ẹ̀wù yẹn, Ama. Ẹ jẹ́ kó máa mú un kiri báyìí, kì í ṣe ìgbà tó bá ń sùn nìkan."

"Mo gbọ́."



Mo lọ síbi àpótí. Mo ṣí i. Mo mú ọ̀rá kan, mo gbé e sí ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Peilan dé. Bí mo bá tú u lọ́jọ́ yẹn, bóyá ọmọ á tún mọ òórùn ìyá rẹ̀. Mo fi èékánná kan ibi tí wọ́n lẹ̀ pa. Anan ń rákò bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń pè mí, "Ma, Ma."

Mo dá ọ̀rá padà, mo sì ti àpótí.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Títí di ọjọ́ yẹn mo lè sọ pé owú ló ń tì mí. Ọjọ́ yẹn, ojú mi là kedere.

Peilan dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Mo ti se núdùlù tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹyin méjì tí a máa ń gbé fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, kí àlàáfíà lè máa bá a gbé. Ó ti gbẹ. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Kò dúró kó ẹrù nínú ọkọ̀, ó sáré wọlé, ó na ọwọ́.

"Anan! Anan mi! Màmá rèé!"

Ọmọ náà wò ó. Ó yí padà, ó gbá mi lọ́rùn mú, ó sì fi igbe ta. Ó ké títí ó fi bì sí ẹ̀wù ìyá rẹ̀.

"Ma! Ma!"

Peilan dúró, èébì ń kán lára rẹ̀. "Ama, ta ló ń pè?"

"Bí ọmọdé ṣe ń pe gbogbo èèyàn nìyẹn."

"Ẹ̀wù yìí, mi ò bọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú kó lè tètè mọ̀ mí." Ó gbé apá rẹ̀ sí imú, bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. "Àbí òórùn mi ti yí padà ni?"

"Ìrìn àjò ló bò ọ́ lára," ni mo wí. "Wá jẹun."

Núdùlù náà wú, ó sì lẹ̀ pọ̀ nínú abọ́. Kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ ìmúra. Ó so ọ̀já mọ́ àyà, ó gbé ọmọ sínú rẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé láti ìsàlẹ̀ dé àjà karùn-ún, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gùn ún, kí ọmọ lè mọ bó ṣe ń rí láti wà lára èèyàn fún wákàtí púpọ̀. Anan ń fò sókè bí ẹja inú agbọ̀n. Bó bá fún un ní fídà, á gbá a dànù. Bó bá kọrin, á di etí. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀, mò ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Bí igbe bá ti pọ̀ jù, Peilan fúnra rẹ̀ á gbé e wá bá mi, á dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Rongdi yọjú lójú fèrèsé. "Peilan, bàálù yẹn ò ní gbéra o! Bí ọmọ yìí bá figbe ta nínú ẹ̀, ẹni tó ń wà á á bẹ́ sílẹ̀!"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹrin Peilan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọ̀já òfìfo ń fì láyà rẹ̀.

"Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ama."

"Mo mọ̀."

"Mò ń rò ó. Ká ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, kí ọmọ mi máa bẹ̀rù mi, kí gbogbo èrò ọkọ̀ máa wò mí bí gbọ́mọgbọ́mọ."

Mo lọ jókòó tì í. Mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Mo ti ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí á tẹnu rẹ̀ jáde.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí, ohùn mi rọ̀ bí òwú. "Ta ni kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbí? Tó bá tó ọmọ iléèwé, á gbọ́n, á mọ̀ pé ìyá òun ni ọ́. Báyìí, ìyà lo fẹ́ fi jẹ ẹ́. Bóyá Ọlọ́run ni kò tíì fẹ́ ẹ."

Ẹ tún rí i. Mo tún mú Ọlọ́run wọ̀ ọ́.

Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó mi orí pé òun gbà. "Màá bá Zhongkai sọ̀rọ̀. Bóyá ká dá tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ padà."

Mo dìde lọ sídìí ààrò. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, kó má rí ẹ̀rín mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ àdúrà àwọn obìnrin. Mo lọ. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó ní ẹ̀rí, mo dìde, èmi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo ní, "Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi." Gbogbo wọn ní, "Àmín."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe Àmín yẹn, Peilan wà nínú yàrá mi. Ó ti gbà láti fi ọmọ sílẹ̀, ó sì ní kí òun yẹ aṣọ òtútù rẹ̀ wò, kí òun lè mọ èyí tó ti kéré, kí òun ra òmíràn kí òun tó lọ. Rongdi ló ń bá a mú ọmọ dání.

Rongdi ní, "Inú àpótí igi yẹn ni. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo wọlé, Bíbélì ṣì wà lábíyá mi. Ọ̀rá mẹ́jọ wà lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n tò wọ́n tẹ̀léra, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan dojú sókè. Peilan jókòó sídìí wọn. Rongdi wà nílẹ̀ pẹ̀lú Anan.

"Ẹ jókòó, Ama."

Mo jókòó.

Ó ti ọ̀kan síwájú mi. "Ẹ bá mi ka ohun tó wà níbẹ̀."

"Ojú mi ò ríran dáadáa..."

"Ó ń ríran tẹ́ ẹ bá ń ka Bíbélì."

Mo kà á. "Anan pé oṣù mẹ́fà lónìí."

"Ibà ń ṣe mí lọ́sẹ̀ yẹn. Òógùn bò mí. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wẹ̀ kí n pààrọ̀ aṣọ. Mo ní rárá, ó ku ọjọ́ kan." Ó ti òmíràn síwájú. "Èyí, ọjọ́ náà ni omi ọmú mi gbẹ tán. Èyí tó kẹ́yìn tó kán sílẹ̀ ló wà lára ẹ̀. Mo ní kó ṣáà fẹnu kàn án."

"Peilan, ọmọ mi..."

"Ẹ sọ fún mi pé ó máa ń dì í mú. Ẹ ní ó máa ń ti imú bọ ọrùn ẹ̀. Ọrùn ẹ̀wù wo nìyẹn, Ama? Èwo nínú wọn? Ẹ fi hàn mí."

Rongdi ló kọ́kọ́ lanu. "Ìyá Zhongkai, sọ pé o gbàgbé. Sọ pé o gbàgbé ni, kọ́rọ̀ ó tán!"

Ó wù mí kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹjọ?

"N kò gbàgbé," ni mo wí.

Peilan mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ba inú mi jẹ́. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ìbínú gùn mí, ìbínú ẹlẹ́bi.

"Ọdún mẹ́rìnlá!" mo kígbe. "Ẹ gba ọmọ mi, ẹ kọ́lé alájà márùn-ún rọ́pò ẹ̀ fún mi! Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀? Ògiri? Ọmọ kékeré kan péré wá sọ́wọ́ mi, ẹ tún fẹ́ gbà á!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí Zhongkai máa bọ̀?" Ohùn rẹ̀ ò gòkè. "Ó sọ fún mi. Ó ní òun ò fẹ́ lọ. Ó ní òun dì mọ́ òpó ìdí ilẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ ń já ìka òun kúrò lára ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ tì í jáde, Ama. Ẹ wá ń gbẹ̀san ẹ̀ lára ọmọ mi."

Òótọ́ ni. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ti rán ọmọ lọ nígbà yẹn, n kò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹlẹ́yà.

Ó pe Zhongkai, ó gbé fóònù sáàárín wa. Mo ń gbọ́ ariwo ìkòkò àti iná níbi tó wà.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni."

"Lóṣooṣù ni mo ń bá Peilan jà. Mo ní, 'Ìwọ obìnrin yìí, ò ń rùn, bọ́ ẹ̀wù yẹn.' Mo lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan, Màmá. Ó ní, 'Fara dà á, Ama ní ọmọ wa ń sùn sórí ẹ̀.'"

Ẹnì kan pè é níbi iṣẹ́. Ó pa fóònù láì kí mi pé ó dàbọ̀.

Peilan já ọ̀rá kan. Ó gbé ẹ̀wù náà sí imú Anan. Ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀, ó tì í dànù, ó ń bá eré rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ká ẹ̀wù náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dá a padà sínú ọ̀rá.

"Mi ò fi í sílẹ̀ mọ́," ó ní. "Bó fẹ́, kó ké dé Amẹ́ríkà. A jọ ń lọ ni."

Ọjọ́ méje ló kù.

Rongdi dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ò fẹ́ sọ. Níwọ̀n ìgbà tí Suizhu bá ń rìn lójú ọmọ yìí, kò ní wo ojú ìyá ẹ̀ láéláé. Suizhu, ìwọ ni ògiri tó dí ọ̀nà. Kúrò níbẹ̀. Yàrá wà nílé mi."

Peilan wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé. "Ẹ ṣèlérí fún mi nígbà kan, ẹ ò mú un ṣẹ. Ẹ tún ṣe òmíràn. Kó má rí yín títí a ó fi lọ. Bó ti wù kó ké tó, bó ti wù kó pè yín tó. Ẹ má jáde sí i."

"Mo ṣèlérí." Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fi Ọlọ́run kún un. Ojú ń tì mí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí n tó lọ, mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un. Pé bí oorun bá ń kùn ún, etí òsì ló máa ń fà. Pé kò fẹ́ omi gbígbóná, kò fẹ́ tútù, kó kán an sẹ́yìn ọwọ́ wò. Pé ẹja ni kó máa pò mọ́ ìrẹsì rẹ̀, kì í ṣe ẹran. Mo kọ orin náà fún un, ẹsẹ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ń kọ wọ́n sínú ìwé pélébé kan, kò gbé ojú sókè. Nígbà tí mo parí, ó dà bí ẹni pé mo ti kó gbogbo ẹrù inú mi síta, olówó wọn sì ń kó wọn lọ láì dúpẹ́. Kí ló fẹ́ dúpẹ́ fún?

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Anan ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo wà ní àjà kejì ilé Rongdi, mo ti fèrèsé, mo fi ìrọ̀rí dí etí, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹta, Rongdi wọlé wá bá mi.

"Ó jẹun lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣíbí mẹ́ta. Ó tu méjì sí i lójú."

Ní ọjọ́ karùn-ún: "Ó jókòó sínú ọ̀já. Wọ́n gun òkè lọ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó ń mu fídà. Ìyá ẹ̀ sì ń sunkún bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́."

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé inú mi dùn. Inú mi ò dùn. Mo yí ojú sí ògiri, mo ní kí Rongdi jọ̀ọ́ bá mi ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó bọ́ sáàárín ọjọ́ méje yẹn, mo gba ẹ̀yìnkùlé Rongdi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dìde, mo gba ẹ̀rí tí mo jẹ́ padà, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe Àmín. Nígbà tí a jáde, àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ogún ọdún lọ gba ẹnu ọ̀nà kejì.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ̀yin tí ọmọ ọmọ wà lọ́wọ́ yín, n kò lẹ́nu láti wàásù. Ohun kan ni mo mọ̀. Ọmọ tí wọ́n fi sọ́wọ́ wa kì í ṣe owó ìtanràn fún ohun tí ayé fi dù wá. Bí ẹ bá ti rí i pé inú yín ń dùn nítorí pé ọmọ kò mọ ìyá rẹ̀, ẹ ti ń jalè, bí ẹ tilẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, ọkọ̀ fun fèrè lójú ọ̀nà. Mo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin ilé Rongdi látìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù. Mo gbọ́ bàtà Peilan tó jáde, tó rọra ń rìn nítorí ohun tó wà láyà rẹ̀. Rongdi ń ka nǹkan sókè: ìlédìí, fídà, aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta, ìwé ìrìnnà méjèèjì.

Bàtà náà dúró. Ó dúró gan-an níwájú ilẹ̀kùn tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Ta ni ń gbé ibí?" Peilan bi ọmọ rẹ̀ léèrè, jẹ́jẹ́. "Sọ ọ́. Bí mo ṣe kọ́ ọ."

Anan sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ṣì há.

"Ama."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ mi ti wà lórí ìdè ilẹ̀kùn. Irin náà tutù. Mo ti fà á dé ìdajì.

"Ama," ó tún pè. "Ama?"

Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró síbi tó wà. Bàtà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń yí padà ní orígun, tó gba ọ̀nà ojú títì lọ, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

N kò jáde.